Kẹ̀kẹ́ Mẹ́tàdínlógún

Ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn mi ní Winnipeg
kò bú mi, kò sì béèrè ìwé.
Ó gbọn yìnyín kúrò ní bàtà, ó ṣí fìlà, ó ní:
"Bàbá Gbémiró, wọ́n ní o mọ kẹ̀kẹ́ tún ṣe."
Orúnkún mi méjèèjì ń lu ara wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Níbi tí mo ti wá, bí ọlọ́pàá bá bi ọ́ ní ìbéèrè,
àpò ṣòkòtò ní í bá ọ dáhùn.

Kowalchuk lorúkọ rẹ̀. Ahọ́n mi kọ̀ ọ́,
mo gé e kúrú, mo ń pè é ní Kówálé.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dára, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?
Mi ò sọ.

Ó ní kẹ̀kẹ́ mẹ́tàdínlógún wà ní àgọ́ àwọn,
wọ́n gbà wọ́n lọ́wọ́ olè, oní-nǹkan kò yọjú,
wọ́n ń dógùn-ún.
Ó ní àwọn ọmọ tó jí wọn náà ń dógùn-ún.
"Ọmọ ta ni?" mo bi í. Ó wo ilẹ̀.
Bàtà Gbémiró wà níbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tutù rinrin,
Gbémiró ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ń ṣọ́nà
nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ayùn ré ṣéènì.

Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ.
Ìyá mi tó kọ́ mi ní òwe yìí kò sọ
bóyá ojú ọlọ́pàá wà nínú igba náà.

A gba yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan ní òpópónà Selkirk,
ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí ilé-ìwé bá ti jáde.
Sípánà mẹ́rin, páńpù kan tó ń kọ́ bí àgbà tó ti fa tábà jù,
garawa tí a dojú rẹ̀ dé fún ìjókòó.
Kówálé kò mọ nǹkan kan.
Ó gbé ṣéènì sódì, Gbémiró bú sẹ́rìn-ín,
ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: "Wò ó, báyìí."
Mo kọjú sí ògiri.
Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn.

Ìyáàfin Spence, ọmọ Cree, ìyá àgbà Darren,
ń gbé búrẹ́dì gbígbóná wá nínú aṣọ ìnuwọ́.
Gbogbo wa ló ń pín fún; ó ń fo Kówálé.
Wọ́n gbé àbúrò rẹ̀ nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá ní alẹ́ kan láyé àtijọ́,
bí wọ́n ṣe gbé e lọ kọ́ ni wọ́n ṣe dá a padà.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ìkeje, ó gbé ẹyọ kan
sórí garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀.
Kówálé náà kò wo ojú rẹ̀.
Ó jẹ ẹ́ tán, tó fi dórí èérún.

Mi ò ní parọ́ pé gbogbo rẹ̀ dùn.
Ní oṣù Èrèlé, nígbà tí òtútù ń gé etí bí abẹ,
Jomar fọ́ fèrèsé ilé ìtajà, Kówálé fúnra rẹ̀ ló mú un.
Ó ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀: bí ẹ bá tún jí, n ó mú yín.
Síbẹ̀, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a kò kí i.
Ó jókòó, ó di táyà mú títí Gbémiró fi lẹ túbù tán,
ó wá dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ fún wa, ó ní òun á wà níbẹ̀,
ta ni yóò tẹ̀lé òun?
Ìyáàfin Spence ló kọ́kọ́ na ọwọ́.

Yìnyín yọ́. Kẹ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógún jáde lọ bá oòrùn.
Ti Jomar wà lórí ìṣó, kò ní táyà iwájú.
A kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.
Mo ka ojú tó wà nínú yàrá náà lọ́jọ́ kan: mẹ́rìnlélógún.
Ó ku mẹ́rìndínlọ́gọ́sàn-án.

Ọkọ̀ ọlọ́pàá ṣì ń kọjá lálẹ́, orúnkún mi ṣì ń gbọ̀n díẹ̀.
Bí aago mẹ́sàn-án bá lù tí Gbémiró kò tíì dé,
mo ń dúró lójú fèrèsé, mo ń pe orúkọ ẹni yẹn
láìpariwo, bí ẹni ń gbàdúrà:
kó wálé,
kó wálé.